Mọ́tò jóná, wọ́n ní ayé ló ṣe é: Ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì tẹ́ ẹ gbé sínú búùtù wò o!

Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, ẹni tó bá jókòó sẹ́bàá títì ní Tápà, nílẹ̀ Ìbàràpá, á rí nǹkan. Mọ́tò tí kì í gba ojú ọ̀nà Ìdèrè àti Ayétẹ̀ lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, àtàwọn tó tìlú òyìnbó dé, kálukú á gbé tiẹ̀ wá. Òmíì ò ní ju ilẹ̀kùn méjì lọ, á rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fàyà wọ́, sàléńsà rẹ̀ á sì máa bú bí ẹkùn. Àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e, àwọn àgbà á ní, "Ọmọ ta tún nìyí?"

Ọ̀rọ̀ ariwo sàléńsà kọ́ la bá wá o. Ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú búùtù mọ́tò ọ̀hún ni. Àṣà kan wà láàrin àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò eré, àwọn awakọ̀ lásán náà sì ti ń kọ́ ọ: wọ́n á yọ bátìrì kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú, wọ́n á gbé e lọ sínú búùtù lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, kò sí wàhálà. Bí wọn ò bá ṣe é bó ṣe yẹ, iná ló ń bọ̀ yẹn.

Tí iná ọ̀hún bá sì sọ, ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí láwùjọ wa. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mọ́tò wálé, mọ́tò jóná lóru níwájú ilé bàbá rẹ̀. Ta ló máa yẹ wáyà wò? Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló ń jowú ọmọ náà. Wọ́n á rántí ìyàwó bàbá tí kò kí i dáadáa. Wọ́n á rántí ìyá àgbà tó fọwọ́ kan mọ́tò, tó ní, "Ọmọ mi, o kú oríire." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti di àjẹ́, ẹbí ti tú ká, bẹ́ẹ̀ wáyà kan ṣoṣo tí kò ní fíúsì ló dáràn. Nítorí irú èyí la ṣe ní ká la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

ÌJÀPÁ LÓ KỌ́KỌ́ KỌ́ WA

Ẹ má rò pé àṣà tuntun ni o. Àwọn àgbà tó gun Fọ́kíswágìn tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá á rántí. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó l'Ékòó nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ẹ̀yìn ló wà, ibi ẹrù rẹ̀ iwájú ni, bátìrì rẹ̀ sì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, lábẹ́ ìdí èrò gan-an. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún Ìjàpá tí wọ́n ṣe káàkiri ayé kí èyí tó gbẹ̀yìn tó jáde ní Mẹ́síkò lóṣù kèje, ọdún 2003.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Irin sípíríǹgì ló wà lábẹ́ àga náà, èèpo àgbọn ni wọ́n sì máa ń fi ṣe tìmùtìmù rẹ̀. Ìdérí kan wà tí àwọn tó ṣe mọ́tò náà fi bo orí bátìrì. Tí ìdérí yẹn bá sọnù lọ́wọ́ mẹkáníìkì, tí èrò tó wúwo sì jókòó sẹ́yìn, sípíríǹgì á tẹ̀ wálẹ̀, á kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀. Iná á ṣẹ́, èèpo àgbọn á gbà á, kí wọ́n tó mọ̀, èéfín ti ń jáde lábẹ́ ìyá oníyàá. Ṣé àjẹ́ ló wà níbẹ̀ ni? Ìdérí bátìrì tí wọn ò dá padà ni.

Àwọn mìíràn náà gbé bátìrì sẹ́yìn. Lọ́dún 1959 tí Alec Issigonis ṣe mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dábùú ẹ́ńjìnnì síwájú, àyè wá há, ló bá ri bátìrì sínú ilẹ̀ búùtù, wáyà rẹ̀ gba abẹ́ mọ́tò wá síwájú. Lọ́dún 1989, Mazda ilẹ̀ Japan gbé mọ́tò eré wọn, MX-5, jáde, inú búùtù ni bátìrì tiẹ̀ náà wà. Ọ̀pọ̀ BMW tòkunbọ̀ tó ń sá káàkiri ìlú wa lónìí, ẹ ṣí búùtù wọn, ẹ gbé rọ́ọ̀gì, ẹ ó bá bátìrì níbẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N Ń GBÉ E?

Ìdí kìn-ín-ní ni ìwúwo. Bátìrì mọ́tò máa ń wọ̀n tó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Nínú mọ́tò eré tí ẹ́ńjìnnì ńlá wà níwájú rẹ̀, iwájú máa ń wúwo ju ẹ̀yìn lọ. Tí wọ́n bá gbé bátìrì lọ sẹ́yìn, ìwúwo á fẹ́ dọ́gba, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń ti mọ́tò á sì di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tí wọ́n bá tẹ iná mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Kòróòlà, Gọ́ọ̀fù, Máíkírà àti púpọ̀ nínú àwọn tá à ń lò, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n. Irú wọn ń fẹ́ ìwúwo níwájú. Ẹni tó bá gbé bátìrì tiwọn lọ sẹ́yìn torí eré, ó náwó sọ ara rẹ̀ di aláìníṣẹ́ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kílò ogún kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, tí a ń yà sọ́tùn-ún tí a ń yà sósì, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n lára?

Ìdí kejì ni ooru. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná, àgàgà lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn tó mọ̀ nípa bátìrì sọ pé bí ooru bá fi díkírì mẹ́wàá lé sí i, ọjọ́ ayé bátìrì á dín kù tó ìdajì. Ẹ̀yìn sì tutù ju iwájú lọ.

Ìdí kẹta, tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ jẹ́wọ́, ni orin. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde nínú búùtù ń jẹ iná gan-an, wọ́n sì fẹ́ kí bátìrì wà nítòsí rẹ̀. Ìdí kẹrin ni olè: ẹni tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lóru tí wọ́n gbé bátìrì rẹ̀ lọ rí, ẹ ò lè dá a lẹ́bi bó bá ní kí wọ́n tì í mọ́ búùtù.

IBI TÍ INÁ TI Ń WÁ

Bí bátìrì bá wà níwájú, wáyà tó lọ sí sítátà kò gùn, apá kan péré ni. Tí wọ́n bá gbé e lọ sẹ́yìn, wáyà á gùn tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún, á gba abẹ́ àga, á gba ara irin, á la ihò kọjá síwájú. Gbogbo ara irin mọ́tò ni apá kejì bátìrì. Níbikíbi tí irin bá ti ha awọ wáyà yẹn títí bàbà inú rẹ̀ fi kan irin, ọ̀rọ̀ ti parí.

Fíúsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin tá a ń lò nílé kì í ju 13 áḿpù lọ. Bátìrì mọ́tò tí wáyà rẹ̀ bá kan irin lè tú 1,000 áḿpù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wáyà á pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, rọ́bà rẹ̀ á yọ́, rọ́ọ̀gì á gbiná. Ẹ lè pa mọ́tò, kẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ lọ sùn, kò kàn án. Wáyà ọ̀hún kò gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá, tààrà ló wá látorí bátìrì. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tí ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn fi lè jóná láago méjì òru.

Ewu kejì ni afẹ́fẹ́. Bí bátìrì bá ń gba iná, omi ásíìdì inú rẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ háídírójìn jáde. Tí afẹ́fẹ́ yìí bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún níbi tó há, pàṣán iná kékeré lè mú kó bú gbàmù. Níwájú, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lọ. Nínú búùtù tí wọ́n tì pa ńkọ́? Nínú Máíkírà àti irú mọ́tò tí búùtù rẹ̀ kò yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ èrò, inú imú èrò ló ń lọ.

Ẹ wá fi tiwa kún un. Bí bẹntiróòlù bá wọ́n, kí la máa ń ṣe? A ó ra kún kẹ́ẹ̀gì, a ó gbé e sínú búùtù. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ kò le, bátìrì tí nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ ti tú, tó ń ta pàṣán bí mọ́tò bá ti já sí kòtò, inú búùtù kan náà ni wọ́n jọ wà láti Ìgbò-Ọrà dé Tápà. Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Èyí, a tún gbé bẹntiróòlù tì í.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE YẸ KÓ RÍ

A kò bú rewáyà kankan o. Ọ̀pọ̀ wọn, ara Pijó àti Dásọ̀n ni ọ̀gá wọn ti kọ́ wọn níṣẹ́, iwájú sì ni bátìrì àwọn yẹn wà. Ẹni tí kò rí fíúsì ńlá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó yẹ kó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni mọ́tò ló yẹ kẹ́ ẹ bèèrè.

Èkíní, fíúsì. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà náà, kó má jìnnà sí bátìrì ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Tó bá wà níwájú lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò wúlò fún gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá gba 200 sí 250 áḿpù máa ń tó mọ́tò wa, bí wáyà bá nípọn tó bó ṣe yẹ.

Èkejì, wáyà ọ̀hún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí sítátà bá fa 200 áḿpù, tí wáyà sì gùn ní mítà márùn-ún, wáyà bàbà 16mm á jẹ tó fólítì kan nínú méjìlá tẹ́ ẹ ní. Mọ́tò á máa ṣe "kẹ̀kẹ̀kẹ̀" láràárọ̀, ẹ ó ní bátìrì ti kú, ẹ ó ra òmíì lásán. Wáyà 35mm á jẹ ìdajì fólítì, 50mm kò ní jẹ tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi bàbà bo lórí tí inú rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀: tó bá funfun nínú, ẹ dá a padà fún un.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà tí wáyà gbà. Gbogbo ihò irin tó bá là kọjá gbọ́dọ̀ ní rọ́bà. Kó má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ sàléńsà, kó má sì bá páìpù bẹntiróòlù rìn.

Ẹ̀kẹrin, ìdè. Wọn kì í fi okùn so bátìrì mọ́ pákó. Irin ni wọ́n fi ń dè é mọ́ irin mọ́tò. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, bátìrì tí kò so di òkò tó ń bọ̀ lẹ́yìn orí yín.

Ẹ̀karùn-ún, àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdérí, kó sì ní rọ́bà tín-ín-rín tó ń gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde sábẹ́ mọ́tò. Ẹ̀kẹfà, wáyà tó so mọ́ ara mọ́tò: kí wọ́n ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin fi mọ́ kí wọ́n tó dì í. Èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò níwájú náà gbọ́dọ̀ wà, kó sì nípọn.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àjọ NHRA tó ń ṣètò eré mọ́tò kì í gbà kí mọ́tò tí wọ́n gbé bátìrì rẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ wọ pápá, àfi tó bá ní súwíìṣì níta lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni lè fi pa gbogbo iná rẹ̀. Àwọn tó fi eré ṣe iṣẹ́ nìyẹn o.

Ẹ̀YIN ONÍ-BMW TÒKUNBỌ̀

Bátìrì yín ti wà lẹ́yìn látilé, ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ tèmi. Bátìrì tó bá a wá ní rọ́bà afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá kú, tẹ́ ẹ ra èyí tó pọ́ọ́kú tí kò ní ihò rọ́bà, ẹ ti ba ètò wọn jẹ́ nìyẹn. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni BMW ti ń fi ohun kan sórí bátìrì púpọ̀ nínú mọ́tò wọn, tó máa ń já wáyà fúnra rẹ̀ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Tí rewáyà bá ní òun fẹ́ gé e dànù torí pé òun ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ pé kó fi í sílẹ̀. Bí bátìrì bá sì kú tí búùtù kọ̀ tí kò ṣí, ẹ má fi irin jágbọ́n ọn: orí irin pupa kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú tẹ́ ẹ lè fi iná mọ́tò mìíràn sí.

Ọdún tún ń bọ̀, àwọn ọmọ á tún wálé. Bàbá tó bá gba ọmọ rẹ̀ lálejò, lẹ́yìn tó bá ti gbàdúrà sórí mọ́tò tán, kó ní kó ṣí búùtù kóun wò ó. Bó bá rí wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò tí kò sí fíúsì lórí rẹ̀, kó ní kí wọ́n tú orí bátìrì, ti dúdú ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, kí mọ́tò sì dúró títí rewáyà fi dé. Bí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù bá wà níbẹ̀, kí wọ́n gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ìyá àgbà tó wá kí ọmọ ọmọ rẹ̀ kú oríire á lè padà sílé rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó lójú ẹ̀gbẹ́.