Títo Kernel Raspberry Pi Lórí Kọ̀ǹpútà Mìíràn

Ní ọdún 2012 ni Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédé káàdì báńkì, jáde láti ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Linux ni ó sábà máa ń darí rẹ̀. Kernel sì ni kókó Linux, òun ni í pín iṣẹ́ àti àyè fún gbogbo ètò yòókù. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un tò bí ó ti wù ú lè ṣe é lórí Pi fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa pẹ́ púpọ̀; lórí kọ̀ǹpútà ńlá ni ó ti ń yá.

Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. ARM ni èdè tí Pi gbọ́, x86 sì ni ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá. Ògbufọ̀ tí í sọ ohun tí ènìyàn kọ di èdè ẹ̀rọ, èdè ilé rẹ̀ ni í sọ, àfi bí oníṣẹ́ bá pe ògbufọ̀ mìíràn. Nítorí náà, fún Pi 4, ó gbọ́dọ̀ kọ ARCH=arm64 àti CROSS_COMPILE=aarch64-linux-gnu- mọ́ àṣẹ make nígbàkúùgbà tí ó bá pa á. Bí ó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré, make lè padà sí x86, kí ó sì máa bi í ní ìbéèrè tí kò kan Pi rárá.

Àwọn module pẹ̀lú gbọ́dọ̀ bá kernel tuntun mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Pi lè dìde kí Wi-Fi rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àìbìkítà tí ó burú jù ni kí ènìyàn pa kernel8.img àtijọ́ rẹ́. Kí ó fún tuntun ní orúkọ mìíràn, kí ó sì kọ orúkọ náà sínú config.txt. Bí Pi bá kọ̀ tí kò dìde, yóò yọ káàdì rẹ̀, yóò pa ìlà kan ṣoṣo yẹn rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ti àtijọ́ yóò sì tún gba iṣẹ́ rẹ̀.