Nígbà tí Ilé Ìgbẹ́ bá Kún Àkúnwọ́sílẹ̀

Kò sí ẹni tí í fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ níbi tí àlejò wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé, a kò sì ní tijú láti sọ ọ́ níhìn-ín. Mose pàápàá kò tijú rẹ̀: nínú òfin tí ó fi lélẹ̀ fún ibùdó Ísírẹ́lì, ó ní kí olúkúlùkù mú ohun ìwalẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì bo ẹ̀gbin rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibùdó.

Ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, ìgbà òjò ni ìyọnu yìí sábà máa ń dé. Orí àpáta ni Adó wà, erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà kò sì jìn ní ibi púpọ̀. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, omi a dúró sínú ilẹ̀, kòtò sókàwéè a sì wà láàárín omi bí ìkòkò tí a rì sínú odò. Omi tí ó yẹ kí ó ti inú kòtò rìn lọ sínú ilẹ̀ kò ní ọ̀nà mọ́. Ó di dandan kí ó padà wá sínú àwo, kí ó sì ti inú àwo ṣàn sí ilẹ̀ ilé. Ẹni tí ó bá pe ọkọ̀ akógbẹ̀ẹ́, èyí tí ó rọ́pò àwọn agbépòó ayé àtijọ́, ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè rí i pé kòtò tún kún láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn wà. Bí ó bá jẹ́ àwo nìkan ni ó dí, tí omi ìwẹ̀ tí ń lọ sínú kòtò kan náà sì ń lọ geere, àkísà tàbí ìwé ni ó há sí ọ̀nà. Igi tí a fi rọ́bà sí nídìí yóò yanjú rẹ̀. Bí gbogbo ojú omi ilé bá jọ ń ru sókè, kòtò ni kí a wò. Ásíìdì inú ìgò kò lè wo irú èyí sàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dà á pọ̀ mọ́ Jik, nítorí èéfín olóró ni yóò jáde. Kí a má sì ṣe jẹ́ kí ènìyàn kankan wọ inú kòtò: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa pa ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, a sì máa pa ẹni tí ó wọlé láti yọ ọ́.

Ní ti ìfọ̀mọ́, kí a lé àwọn ọmọdé àti adìẹ jáde. Kí a da yanrìn tàbí eérú sí i láti fa omi mu, kí a fi ṣọ́bìrì kó o, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, kí a sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Lẹ́yìn èyí ni ọṣẹ àti omi. Lẹ́yìn ọṣẹ ni Jik, ìfé kan sí ìfé omi mẹ́fà, kí ó wà nílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ọ̀pọ̀ ìyáálé a máa da Jik lé ẹ̀gbin lórí. Owó ni wọ́n dà nù, nítorí ẹ̀gbin a máa pa agbára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ilé ni ó ń bà wá lẹ́rù jù, kànga ni. Ní 1854, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ. Dókítà John Snow ní omi kànga Broad Street ni ó fà á. Àlùfáà kékeré kan ní ìjọ St. Luke, Henry Whitehead, kò gbà á gbọ́. Ó ń lọ láti ilé dé ilé láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ìwádìí rẹ̀ gan-an ni ó sì wá fi ìdí ọ̀rọ̀ Snow múlẹ̀. Ó rí ìyá kan ní ilé 40, tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ti ṣàìsàn kí àjàkálẹ̀ náà tó gbilẹ̀. Ìyá náà fọ aṣọ ìdí ọmọ, ó sì da omi rẹ̀ sínú kòtò ìgbẹ́ iwájú ilé. Bíríkì kòtò náà ti jẹ, àárín òun àti kànga kò sì pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wọn tiyín. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera là sílẹ̀ ni 30 mítà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, kí kànga sì wà ní apá òkè. Níbi tí ilé ti sún mọ́ ilé, ọ̀pọ̀ àgbàlá kò gùn tó bẹ́ẹ̀, kòtò aládùúgbò sì lè sún mọ́ kànga wa ju tiwa lọ. Nítorí náà, bí tiwa bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, kí a ránṣẹ́ sí ilé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ wa, bí ojú tilẹ̀ ń tì wá, kí àwa àti àwọn lè máa se omi mímu títí yóò fi hó, kí kòtò tó padà bọ̀ sípò.