Kíkọ́ àti Títọ́jú Ojú Irin Kékeré Nínú Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Rélùwéè Òṣogbo

Ìfáàrà

Ọdún 1907 ni ojú irin tí ìjọba amúnisìn ń tẹ̀ bọ̀ láti Èkó dé Òṣogbo. Ó ti dé Ìbàdàn ṣáájú, wọ́n sì ṣí apá yẹn ní 1901. Láti Òṣogbo ni ó ti kọrí sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá rárá. Àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òṣómàáló ni ó gbé ẹsẹ̀ lọ bá a ní Òṣogbo, tí ìlú náà sì di ojúkò òwò fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nǹkan bí 30 kìlómítà ni ó wà láàárín Iléṣà àti Òṣogbo, síbẹ̀ ọmọ lè parí ìwé mẹ́fà ní Iléṣà láì fi ojú kan ọkọ̀ ojú irin rí. Àwòrán inú ìwé ni yóò máa wò. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Èròńgbà àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ ojú irin kékeré sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àti bí kò ṣe ní bàjẹ́ kí òjò ọdún kan tó dá. Kókó rẹ̀ ni pé kì í ṣe irin ni ó ń gbé rélùwéè ró, bí kò ṣe ilẹ̀ tí irin náà sùn lé àti ọwọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ni ojú irin inú ọgbà?

Ojú irin inú ọgbà ni ojú irin kékeré tí a tẹ́ síta, tí òjò ń pa, tí oòrùn sì ń pa. Kì í ṣe ohun ìṣeré orí tábìlì. Ní ọdún 1874, Sir Arthur Heywood tẹ́ ọ̀kan sí àyíká ilé rẹ̀ ní Duffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 381. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé irú ojú irin tóóró bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún kíkó ẹrù lórí ilẹ̀ oko ńlá. Ní 1968, ilé-iṣẹ́ Lehmann ní Nuremberg, ní Jámánì, gbé irú tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LGB jáde. Àlàfo tirẹ̀ jẹ́ mílímítà 45, ìwọ̀n yìí sì wọ́pọ̀ púpọ̀ nínú ọgbà lónìí.

Ìwọ̀n mílímítà 45 yìí bá ti Òṣogbo mu. Àlàfo ojú irin àtijọ́ tí ó gba Òṣogbo kọjá jẹ́ mílímítà 1,067. Ti ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 fẹ̀ jù ú lọ. Mílímítà 1,435 ni. Bí a bá pín 1,067 sí ọ̀nà 24, ohun tí yóò jáde kò jìnnà sí 45. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe àwòkọ́ ibùdókọ̀ Òṣogbo, kí ó pín gbogbo ìwọ̀n sí ọ̀nà 24. Ènìyàn tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 168 yóò di sẹ̀ǹtímítà 7.

Ilẹ̀ àti omi

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí a bá tẹ́ irin sórí ilẹ̀ lásán, òjò àkọ́kọ́ yóò sọ abẹ́ rẹ̀ di ẹrẹ̀, apá kan yóò rì, ọkọ̀ yóò sì yẹ̀ kúrò lójú irin. Iyanrìn nìkan kò tó, nítorí àgbàrá yóò wọ́ ọ lọ.

Ohun tí ó yẹ ni kí a gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15 àti ìbú sẹ̀ǹtímítà 20, kí a gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fọ́ sí i. Òkúta fífọ́ ni kí ó jẹ́, kì í ṣe òkúta odò tí ó rí róbótó. Etí òkúta fífọ́ mú, ó sì ń há mọ́ ara wọn. Èyí tí ó rí róbótó yóò máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀. Òkúta yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: ó ń pín ìwúwo ọkọ̀ káàkiri, ó ń di igi ìdábùú mú, ó sì ń jẹ́ kí omi ráyè sá lọ. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe lábẹ́ ojú irin ńlá. Kí a la ojú ìṣàn omi sí ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ dà sí.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kún fún òkè, nítorí náà ìdagẹ̀rẹ́ gba àkíyèsí. Irin lórí irin máa ń yọ̀, ọkọ̀ ojú irin kò sì lè gun òkè bí ọkọ̀ onírọ́bà. Kí ojú ọ̀nà má ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ nínú mítà 1. Rọ́bà tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí ni a lè fi wá ìdọ́gba ilẹ̀ náà.

Irin àti igi

Irin tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ òkèèrè wọ́n. Wẹ́dà lè gé irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní mílímítà 3, kí káfíńtà fi ayùn la ojú sí igi ìdábùú, kí a sì gbé irin náà dúró sínú rẹ̀. Igi líle ni kí a lò, kí a sì fi oògùn ikán pa á, nítorí ikán kò mọ igi ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí igi ìdáná. Kí a gé pákó kan ní mílímítà 45 géérégé láti máa fi wọn àlàfo irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ojú irin bá ti tẹ̀, mítà 1.2 láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀ dára. Ibi tí ó bá tẹ̀ jù yóò máa mú ọkọ̀ yẹ̀.

Kí a má ṣe so irin pọ̀ típẹ́típẹ́. Bí irin tí ó gùn ní mítà 10 bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà 3.6, bí ó bá jẹ́ idẹ ni, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 6. Bí kò bá ráyè, yóò wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àyè tín-ń-tín sílẹ̀ níbi tí orí irin méjì ti pàdé.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì ń yí ni ó dára jù fún ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá gba ojú irin fi iná mànàmáná ránṣẹ́, ìpẹtà àti eruku ọyẹ́ kò ní jẹ́ kí ó dé ibi tí ó ń lọ.

Ìtọ́jú

Lórí ojú irin ńlá, wọn a máa pín ọ̀nà sí ìpín-ìpín, ikọ̀ òṣìṣẹ́ kan a sì máa mójú tó ìpín tirẹ̀. Olùkọ́ lè pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n gbá ewé kúrò, kí wọ́n sì fi pákó wọn àlàfo irin. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tu èpò, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì díẹ̀ nu irin kí ó má dípẹtà. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ibi tí ó rì, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n sì ki òkúta sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, igi a máa gbẹ, a sì máa súnkì. Kí wọ́n wo ibi tí irin ti ń mì.

Ìwúlò fún ìkọ́ni

Olùkọ́ ìṣirò yóò rí òbìrí àti ìpín níbẹ̀. Òbìrí tí mítà 1.2 wà láàárín rẹ̀ sí etí yóò gba irin mítà 7.5 ní ìlà kan. Àwọn ọmọ lè fi okùn wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò fi bí ooru ṣe ń mú irin gùn hàn wọ́n. Olùkọ́ ìtàn yóò bi wọ́n pé: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìlú tí ojú irin dé, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí èyí tí kò dé? Olùkọ́ Yorùbá yóò rí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kó jọ lẹ́nu wẹ́dà, káfíńtà àti bíríkìlà.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó nira nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe kíkọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kíkọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń péjọ. Ọjọ́ títu èpò ni wọn kì í yọjú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki òkúta sí abẹ́ mítà 1 ojú irin lẹ́yìn òjò yóò mọ ohun tí ó gbà kí ojú irin tí ó gùn láti Èkó dé Òṣogbo má bàjẹ́. Bí ó bá di olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí aṣòfin lọ́la, yóò mọ̀ pé kí a tó ná owó sórí ohun tuntun, ó yẹ kí a ti mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.