ÒRÓÒRO Ọ̀NÌ KỌ́ LÓ PA WỌ́N! Ohun tí ẹni tó fẹ́ máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2015, àwọn èèyàn ń ti ibi ìsìnkú bọ̀ ní ìlú Chitima, ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì. Wọ́n yà mu ọtí àgbàdo kan tí wọ́n ń pè ní pombe lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ kò jìnnà, ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́. Inú ń run wọ́n, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, gbogbo ara ń ro wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa ka òkú tán, èèyàn 75 ló ti lọ. Ìyá tó pọn ọtí náà gan-an wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gba ìlú ni pé ẹnì kan ló da òróòro ọ̀nì sínú ọtí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa yà lẹ́nu, ṣebí àwọn àgbà ilẹ̀ yìí náà ń bẹ̀rù òróòro ọ̀nì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dókítà àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ ọtí náà wò finnífinní, wọn kò bá ọ̀nì níbẹ̀, wọn kò sì bá ọ̀tá níbẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi pọn ọtí náà ló ti bàjẹ́. Kòkòrò àrùn kan tí ojú lásán kò lè rí ti wọ inú rẹ̀, ó sì ti tu oró síbẹ̀. Iná kì í pa oró yìí o. Ẹ sè é títí di ọ̀la, ibẹ̀ ló máa wà.

Òkèèrè ni Mòsáńbíìkì, àmọ́ ọtí wọn yẹn kò jìnnà sí tiwa. Ọmọ ìyá kan náà ni pombe àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, ilé ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, obìnrin ló sì sábà máa ń pọn ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá àti ní gbogbo abúlé Ìgbómìnà tó wà ní Ọ̀ṣun, tí ẹ bá ń ronú àtifi ọtí pípọn kún iṣẹ́ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná.

KÍ BÍÀ ONÍGÒ TÓ DÉ

Wọ́n ní kí àgbàdo tó dáyé, kí ni adìẹ ń jẹ? Kí bíà onígò náà tó dé, kí ni àwọn baba wa ń mu? Ìgò Star àkọ́kọ́ tí wọ́n pọn ní Nàìjíríà, oṣù kẹfà ọdún 1949 ló jáde ní Èkó. Ilé iṣẹ́ ọtí tó wà ní Iléṣà, níbi tí Trophy ti ń jáde, ọdún 1978 ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà, bí ìnáwó bá gbóná, ohun tí Yorùbá máa ń sọ ni pé wọ́n pọntí, wọ́n fọ̀nà rokà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ pé wọ́n ra ọtí o. Ó ní wọ́n pọn ọ́n ni.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà níbi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, èyí ló jẹ́ kí ohun èlò ọtí pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pẹ wà, àgbàdo wà, ọkà bàbà náà wà. Ọ̀pẹ ló ń fún wọn ní ẹmu, àgbàdo ló ń fún wọn ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọkà bàbà ló ń fún wọn ní ọtí bàbà, èyí tí àwọn ará òkè ọya ń pè ní bùrùkùtù. Ní Ghana, pito ni wọ́n ń pe ti wọn. Kódà ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú lọ, àwọn ọmọ wọn ṣì ń ṣe ọtí àgbàdo fún òrìṣà, wọ́n ń pè é ní chequeté. Ẹ pè é dáadáa, ẹ ó rí i pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà ni!

Ẹni tó bá sì ń fojú ọtí ará oko wo ọtí ilé, kó rántí ọdún 1988. Ọdún náà ni ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ ọkà yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà ńláńlá gbójú lé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n sáré padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo, àwọn ọkà tí ìyá àgbà ti ń lò látayébáyé. Nígbà tó yá, ìjọba ká òfin náà kúrò, àmọ́ ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn mọ́.

ORÍ EWÉ NI ỌTÍ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Ohun kan wà tó máa ń tan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jẹ. Ó máa ń rò pé inú ìkòkò ni iṣẹ́ wà. Rárá o. Ẹmu yàtọ̀, nítorí pé adùn ti wà lára rẹ̀ láti orí ọ̀pẹ wá. Kó tó délé, ó ti ń hó fúnra rẹ̀. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá lọ àgbàdo gbígbẹ lásán, tó sì sè é, ẹ̀kọ ló máa rí mu, kì í ṣe ọtí.

Àfi kí àgbàdo náà kọ́kọ́ hù. Nígbà tí irúgbìn bá fẹ́ hù, ṣe ló máa ń sọ ẹ̀kọ tó wà nínú rẹ̀ di adùn, kí ọmọ tó fẹ́ yọ lè rí nǹkan jẹ. Adùn yìí gan-an ni ẹni tó ń pọntí ń wá. Ibi tí àgbàdo ti ń hù lórí ewé náà sì ni ewu ti lè wọlé, nítorí pé òoru àti omi tó dára fún irúgbìn náà ló dára fún ẹbu àti kòkòrò àrùn.

Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kọ́ ọ, kó má ra àpò. Kọ́ńgò 2 ti tó. Bó bá bàjẹ́, kò ní tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Kó ra àgbàdo gbígbẹ tó mọ́, tí kò tíì pẹ́ jù, kó sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó fi oògùn kòkòrò sí i. Èyí tó bá ní oògùn lára, kó má fọwọ́ kàn án. Àgbàdo tí wọ́n ti po oògùn aláwọ̀ mọ́ fún gbígbìn, oko nìkan ló wà fún.

Lẹ́yìn náà, kó jókòó ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bu, èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò ti jẹ, kó dà á nù. Kó wá rẹ ìyókù sínú omi mímọ́ fún odindi ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ kan ààbọ̀, kó máa pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá yọ ọ́ kúrò nínú omi, kó jẹ́ kó ro dáadáa, kó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ níbi tí oòrùn kò ti pa á, kó da àgbàdo lé e, kó má jẹ́ kó nípọn jù, kó sì fi ewé mìíràn bò ó. Láàárọ̀ àti lálẹ́, kó wọ́n omi sí i díẹ̀, kó sì fọwọ́ yí i po kó má bàa gbóná jù.

Láàárín ọjọ́ 4 sí 5, ó máa ti hù. Ó yẹ kó máa ta sánsán bí ewéko tútù. Bó bá ń yọ̀ bí ilá, tó ń rùn, tàbí tí ẹbu dúdú, àwọ̀ ewé tàbí pupa bá wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kó dà á nù, kó má fún ewúrẹ́, kó má fún adìẹ. Kó má sì sọ pé òun á sè é jinná. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chitima.

Èyí tó bá dára ni kó sá sóòrùn títí á fi gbẹ kanranjangban. Kó wá fọwọ́ ra á, kí gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ bọ́ kúrò, kó sì fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń lo ọkà bàbà, kó má fojú di ibí yìí rárá: oró wà nínú èéhù ọkà bàbà, ó gbọ́dọ̀ bọ́ kúrò.

IṢẸ́ INÁ, IṢẸ́ SÙÚRÙ

Wọ́n á lọ ọkà tó hù náà kuuru, kì í ṣe kúnná bí èlùbọ́. Fún kọ́ńgò 2, kí omi jẹ́ lítà 12: lítà 8 tó ń hó lórí iná, lítà 4 tó tutù. Kí wọ́n pò ó pọ̀ kó tó kan ìyẹ̀fun. Omi híhó nìkan máa pa agbára tó ń sọ ẹ̀kọ di adùn, omi tútù nìkan kò sì ní í jí i. Kí wọ́n rò ó, kí wọ́n de ìkòkò náà, kí wọ́n fi àpò tàbí aṣọ wé e kí ooru má jáde. Lẹ́yìn wákàtí 2, kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ó yẹ kó dùn lẹ́nu.

Aṣọ mímọ́ ni wọ́n á fi sẹ́ ẹ. Èérí rẹ̀, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́. Omi dídùn tó kù ni wọ́n á gbé kaná, kó hó fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí, kó bu tirẹ̀ níbí, kó jẹ́ kó tutù, kó mu ún lọ́jọ́ náà. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń di ọtí nìyẹn.

Fún ìyókù, kí wọ́n jẹ́ kó tutù títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n dà á sínú amù tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣan. Àwọn ìyá àgbà máa ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sí i. Ẹni tí kò ní, yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ṣíbí kékeré kan, á ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí wọ́n má de kẹ́ẹ̀gì náà pinpin o! Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú ọtí tó ń hó lè bẹ́ kẹ́ẹ̀gì, tó bá sì jẹ́ ìgò ni, àfọ́kù rẹ̀ lè fọ́ èèyàn lójú. Aṣọ mímọ́ ni kí wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, ọtí á ti máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan sí méjì, ó ti ṣe é mu.

ṢÉ ÈRÈ WÀ NÍBẸ̀?

Èrè wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ìṣirò. Kó kọ owó àgbàdo, owó ẹ̀rọ ìlọta, owó igi tàbí gáàsì àti owó omi sílẹ̀, kó má sì gbàgbé pé iṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́wàá ni láti ibi rírẹ dé ibi títà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe ọjà ìtọ́jú. Bó bá ti tó ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ń kan. Nítorí náà, kì í ṣe kéèyàn pọn ọ́n tán kó tó máa wá oníbàárà. Àsìkò ìnáwó, ọjọ́ ọjà, tàbí àsìkò tí àwọn ọmọ ìlú ń wálé ṣọdún ni kó fi ojú sí, kó sì gba iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó rẹ àgbàdo.

Ẹni tó bá fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò, kó lẹ orúkọ mọ́ ọn, kó sì máa tà á káàkiri, àfi kó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC. Kó má tà á fún ọmọdé, kó má bu ún fún aboyún, kó má sì bu ún fún dírẹ́bà tàbí ọlọ́kadà tó fẹ́ gun ọ̀nà.

Ẹ tún kíyè sí èyí: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yàtọ̀ sí ògógóró. Ẹni tó ń kọ́ ọtí pípọn, kó má dán ògógóró wò nílé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èèyàn tó lé ní 10 ló kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, májèlé tí wọ́n ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀, inú ọtí líle ni wọ́n sì ti mu ún.

Bọ́rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ọtí bá pààyàn, wọ́n á ní òróòro ọ̀nì ni, wọ́n á ní òrìṣà ni, wọ́n á ní ọ̀tá ni, kí ẹnikẹ́ni tó wo inú àpò àgbàdo tàbí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ìyá tó bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọn ọ́n lágboolé tirẹ̀, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún un, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ káwọn ọmọ lè kọ́ ọ.

Ẹni tó bá da kọ́ńgò kan àgbàdo tó ti bàjẹ́ nù lónìí, owó kọ́ńgò kan ló pàdánù. Ẹni tó bá fi pọntí, kò sẹ́ni tó mọ iye tó máa san.