Níti Yíyan Ibi Tí A Ó Ti Ṣe Ìgbéyàwó



Nígbà tí a bá gbọ́ pé ọmọ kan nínú ìjọ fẹ́ gbé ìyàwó, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, níbo ni yóò ti wáyé? Ìdáhùn tí a sì sábà máa ń gbọ́ ni orúkọ gbọ̀ngàn àsè kan. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ibi tí ọkùnrin àti obìnrin náà yóò ti di tọkọtaya ni a dárúkọ, bí kò ṣe ibi tí a ó ti jẹun. Bí gbọ̀ngàn àsè bá há tàbí bí ó bá gbóná, ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n bí ibi tí a ti so wọ́n pọ̀ kò bá bá òfin mu, ó lè ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí ọkọ bá kú tí a sì ń bèèrè ẹni tí ohun ìní rẹ̀ tọ́ sí, ni opó yóò tó gbọ́ pé òun kì í ṣe aya lábẹ́ òfin tí òun rò pé òun ti wọ̀. Nítorí èyí ni ó ṣe yẹ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Àwọn baba wa mọ̀ dájú pé ibi ní ìtumọ̀. Ilé baba ìyàwó ni a ti ń ṣe ìdána; ẹbí ọkọ ni ó ń rìn lọ, ẹbí ìyàwó ni ó sì ń gbàlejò, nítorí ẹni tí ó ń tọrọ ni ó ń lọ bá olóhun nílé. Nígbà tí a bá sì mú ìyàwó lọ, ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ni a ti ń fi omi dúró dè é, a ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Lónìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń kó ìdána lọ sí gbọ̀ngàn, níbi tí alága ìjókòó àti alága ìdúró ti ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ara wọn. Èmi kò bá wọn jà, nítorí ilé inú ìlú ti kéré, àlejò sì ti pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlá baba ìyàwó bá lè gba 100 ènìyàn, mo rò pé níbẹ̀ ni ó yẹ kí ìdána wà, kí àwọn àgbà ilé tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́ lè gbọ́ ọ láti inú yàrá wọn. Òfin kò ka ibi kan léèwọ̀ fún èyí. Níti ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹlòmíràn yóò bèèrè pé, kí ni ó kan ìjọba nípa ibi tí ènìyàn méjì ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ara wọn? Láti dáhùn, ó yẹ kí a lọ sí ìlú London ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, nítorí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin tiwa ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀wọ̀n kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Fleet, níbi tí a ń ti àwọn ajigbèsè mọ́. Àlùfáà wà nínú àwọn ajigbèsè náà, àwọn wọ̀nyí kò sì ní ipò tí wọ́n lè pàdánù mọ́. Nítorí náà wọ́n ń so ènìyàn pọ̀ fún owó kékeré, nínú ẹ̀wọ̀n àti nínú àwọn ilé ọtí tí ó wà láyìíká rẹ̀, láìkéde, láìbèèrè bóyá ọkùnrin náà ti ní aya níbòmíràn. Bí ẹni tí ó sanwó bá fẹ́, wọn a kọ ọjọ́ tí ó ti kọjá sínú ìwé, kí oyún tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lè dàbí èyí tí ó dé lẹ́yìn ìgbéyàwó. A ń tan ọmọbìnrin olówó lọ síbẹ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ tó mọ̀, ó ti di aya aláìníláárí. Nígbà tí ìwà yìí pọ̀ jù, àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin kan ní 1753, èyí tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Lord Hardwicke, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1754. Yàtọ̀ sí àwọn Júù àti àwọn Quaker tí a yọ sílẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe ìgbéyàwó, lẹ́yìn ìkéde tàbí pẹ̀lú ìwé àṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹwà ilé ni òfin náà ń wá, bí kò ṣe ibi tí gbogbo ayé mọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, kí ẹni tí ó mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjì pọ̀ lè dìde kí ó sọ ọ́.

Ìrò yìí kan náà ni ó wà nínú òfin ìgbéyàwó tí a ṣe fún Èkó ní 1884, àti nínú èyí tí ó ti ọdún 1914 wá tí a ń lò ní Nàìjíríà títí di òní. Ibi méjì ni ó fi àyè sílẹ̀ fún: ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó ti ìjọba, èyí tí àwa ń pè ní kọ́ọ̀tù, àti ilé ìsìn tí ìjọba ti fún ní àṣẹ. Nínú ilé ìsìn, àlùfáà tí a mọ̀ nínú ìjọ náà ni yóò ṣe é, láàárín agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ sí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àlùfáà. Ní kọ́ọ̀tù, agogo mẹ́wàá sí agogo mẹ́rin ni. Bí ọ̀ràn pàtàkì bá wà tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe é níbòmíràn, ìwé àṣẹ pàtàkì kan wà tí mínísítà ìjọba lè fi fúnni. Bí tọkọtaya bá mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí a so wọ́n pọ̀ níbòmíràn láìsí ìwé yìí, òfin wí pé asán ni.

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ọmọ wa yan ọgbà òdòdó tàbí etí òkun, nítorí ó rí i nínú àwòrán. Àlùfáà wọ ẹ̀wù rẹ̀ wá, a gbàdúrà, a fi òrùka sí ìka, a sì gbé ìwé jáde fún ìfọwọ́sí lórí tábìlì tí a fi òdòdó bò. Gbogbo rẹ̀ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọgbà kì í ṣe ilé ìsìn tí a fún ní àṣẹ, ìfọwọ́sí náà kò sì lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn wọn bá wà ní ọgbà náà dandan, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ohun tí ó kù ní ọgbà jẹ́ àdúrà ìbùkún. Bákan náà, ẹ má tijú láti bèèrè lọ́wọ́ alàgbà ìjọ bóyá ilé tí a ń sìn nínú rẹ̀ ní àṣẹ ìgbéyàwó, pàápàá bí ó bá jẹ́ ilé tí a háyà lókè ilé ìtajà. Ilé ni a ń fún ní àṣẹ náà. Ìjọ tí ó kó kúrò nínú ilé àtijọ́ lọ sí titun kò gbọdọ̀ rò pé àṣẹ náà ti bá wọn rìn.

Ẹ lè wí pé, "A ti ṣe ìdána, ṣé kò tó?" Ó tó láti jẹ́ aya ní ìlànà ìbílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ní àṣà Yorùbá, àwọn ọmọ ni ogún bàbá tọ́ sí, kì í ṣe opó, ọkọ sì lè fẹ́ ẹlòmíràn lé e. Ní Èkó, ní 1898, ẹjọ́ kan wáyé tí a ń pè ní Cole àti Cole. Ọkùnrin kan kú láìkọ ìwé ogún; arákùnrin rẹ̀ dìde pé gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ òun ni ó yẹ kí òun jogún. Ilé ẹjọ́ kọ̀ fún un, ó dúró ti opó àti ọmọ, nítorí ìgbéyàwó Kristẹni ni òkú náà ti ṣe ní Sierra Leone. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a ní ilé àti kí a kó ẹrù síta lè wà nínú irú ìgbéyàwó tí a ṣe.

Ibi tí a yàn tún ń pinnu ohun mìíràn tí àwọn púpọ̀ kì í mọ̀ títí ọjọ́ yóò fi sún mọ́lé. Akọ̀wé ìgbéyàwó ti àdúgbò tí ìgbéyàwó yóò ti wáyé ni a ń fi ìwé ìfilọ̀ lé lọ́wọ́. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó fúnni ní ìwé ẹ̀rí, bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá láti ọjọ́ ìfilọ̀ láìṣe ìgbéyàwó, ìfilọ̀ náà ti kú. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé ní àdúgbò náà fún ọjọ́ 15, ó kéré tán, kí a tó fúnni ní ìwé náà. Nítorí náà, bí ọmọ wa tí ó ń gbé ní Ìbàdàn bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, Iléṣà ni ìfilọ̀ yóò wà, ẹnìkan nínú wọn yóò sì ti sùn níbẹ̀ ju òru ọjọ́ kan lọ. Kíkéde ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta nínú ìjọ dára, kí a má sì dá a dúró, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìwé akọ̀wé.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀ràn yìí. Láti 1995 ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó ìjọba ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ńlá tí a bá fọwọ́ sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà kò gbọdọ̀ ní ìsìn nínú. Ìjọ Yorùbá tí ó sì ń pàdé nínú ilé ìkẹ́rù kan ní London gbọ́dọ̀ fi orúkọ ilé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, fún ìsìn àti fún ìgbéyàwó, kí ó tó lè so ẹnikẹ́ni pọ̀ níbẹ̀.

Níti ibi àsè, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ní Kánà ti Gálílì, wáìnì ni ó tán. Lọ́dọ̀ wa, àga ni ó sábà máa ń tán, nítorí pé iye ènìyàn tí ó ra aṣọ ẹbí ni a kà, a kò ka àwọn tí wọn yóò bá wọn wá. Gbọ̀ngàn ìjọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì sàn ju ààfin tí a ó gba orí afárá dé lọ, nítorí ní Èkó àlejò lè wà lójú ọ̀nà títí oúnjẹ yóò fi tutù. Bí ó bá jẹ́ pápá gbalasa ni ẹ yàn, ẹ rántí pé òjò ń le ní oṣù kẹfà, ó sì tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án. Kánópì ń dá oòrùn dúró, ṣùgbọ́n kì í dá ẹrẹ̀ dúró. Kí ẹ tó san owó, ẹ ka ìwé àdéhùn: agogo tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde, ẹni tí yóò ra epo jẹnẹrétọ̀, bóyá wọn yóò gbà kí alásè tiyín wọlé, àti ohun tí ó lè mú kí wọ́n má dá owó ìdúró padà. Kí ẹ sì lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, ní wákàtí tí ẹ̀yin fúnra yín yóò lò ó, nígbà tí àsè ẹlòmíràn ń lọ lọ́wọ́.