Ta Ló Sáré Jù? Aston Martin àti Ọmọ Texas Kan ní Ọdún 1959

Forney tí mò ń gbé wà ní ìlà oòrùn Dallas, lójú títì US 80. Ní apá ìlà oòrùn Texas kan náà, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Leesburg. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Carroll Shelby sí ní ọdún 1923, Dallas ló sì ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó bá ti wo fíìmù Ford v Ferrari á ti mọ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn sáré kọjá lórí ọdún tí Shelby fúnra rẹ̀ wà nídìí sítíárì. Ọdún 1959 nìyẹn, ọdún náà ló sì wù mí láti sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: ìdíje márùn-ún ló wà ní ọdún yẹn. Aston Martin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí máàkì kankan gbà nínú méjì àkọ́kọ́. Báwo ló ṣe wá gba ife àgbáyé mọ́ Ferrari àti Porsche lọ́wọ́?

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń gba ife yìí, kì í ṣe awakọ̀. Ọkọ̀ tó bá ṣe ipò kìíní gba máàkì 8, ìkejì gba 6, ìkẹta 4, ìkẹrin 3. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá ṣe dáadáa jù ni wọ́n ń kà fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù: nínú ìdíje márùn-ún, mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ náà ti ṣe dáadáa jù nìkan ni wọ́n máa ń kó jọ. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì ṣì lè dé òkè.

Ìdíje kìíní wáyé ní Sebring, ní Florida, fún wákàtí 12. Ferrari ló gbà á. Aston Martin kan ṣoṣo ló lọ, Shelby sì wà lára àwọn tó wà á, àmọ́ ọkọ̀ náà ò parí eré. Ìkejì ni Targa Florio, lórí òkè Sicily. Porsche ló gbà á, Aston Martin ò tilẹ̀ lọ.

Lóòótọ́, Le Mans nìkan ló wà lọ́kàn àwọn Aston Martin. Stirling Moss ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọkọ̀ kan lọ sí Nürburgring ní Jámánì, ó sì ní òun á san owó tí ìrìn àjò náà bá ná wọn. Jack Fairman ni wọ́n jọ wà á. Fairman já sínú kòtò nígbà tí òjò rọ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ti ọkọ̀ náà jáde. Moss gba sítíárì, ó lé àwọn tó ti kọjá wọn bá, ó sì gba ipò kìíní. Máàkì 8 dé.

Wákàtí 24 ní Le Mans

Ní oṣù kẹfà, wọ́n dé Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Ìlànà ni pé ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ju lítà 3 lọ. Ẹ́ńjìnnì Ferrari ní sílíńdà 12, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Aston Martin DBR1 tó ní sílíńdà 6.

Kí lẹ máa ṣe tí ọkọ̀ ẹnìkejì bá lágbára ju tiyín lọ? Àwọn Aston Martin pín iṣẹ́. Wọ́n ní kí Moss máa sá eré àsápajúdé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn Ferrari lè máa lé e. Wọ́n sì ní kí Shelby àti Roy Salvadori máa rìn ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ wọn lè gbà. Ẹ rántí pé nínú irú eré yìí, ooru ni ọ̀tá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí kíákíá tó ni ooru àti ìfọ́júra ṣe ń pọ̀ tó, ohun tó sì lè fara dà á fún wákàtí méjì lè má fara dà á fún ogún.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ Moss bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn Ferrari mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó wá bàjẹ́ pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló wà níwájú nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná kọjá ààlà. Nínú ọkọ̀ tó lé ní 50 tó bẹ̀rẹ̀, 13 péré ló parí. Shelby àti Salvadori ló ṣe ipò kìíní. Ìgbà 323 ni wọ́n yí pápá náà ká, nǹkan bíi kìlómítà 4,348. Bí ẹni lọ Ìbàdàn láti Èkó tó sì padà, ní nǹkan bí ìgbà 16, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo! Aston Martin mìíràn ló tún ṣe ipò kejì.

Inú rírun ń bá Shelby jà ní gbogbo àkókò yẹn, yàtọ̀ sí àrùn ọkàn tó ti ní láti kékeré. Kí ó tó di awakọ̀, iṣẹ́ ọ̀sìn adìyẹ ló ń ṣe ní Texas. Adìyẹ àkọ́kọ́ mówó wọlé, àrùn pa ìkejì tán. Ó mọ̀ pé kí nǹkan lọ dáadáa lónìí kò ní kó má bàjẹ́ lọ́la.

Iná ní Goodwood

Lẹ́yìn Le Mans, Ferrari ní máàkì 18, Aston Martin 16, Porsche 15. Ó ku ìdíje kan: wákàtí 6 ní Goodwood, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹsàn-án. Kí gbogbo rẹ̀ lè dá wọn lójú, àfi kí Aston Martin ṣe ipò kìíní.

Pápá Goodwood máa ń jẹ táyà gan-an. Àwọn Aston Martin ronú sí i, wọ́n fi jáàkì tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, á gbé ara rẹ̀ sókè, wọ́n á pààrọ̀ táyà, ó di wéré. Ìṣẹ́jú àáyá tí wọn ò fi ṣòfò lórí ìdúró dà bí eré tí wọ́n sá lórí pápá.

Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ Moss àti Salvadori wá gba epo, epo dà sórí sàlẹ́ńsà tó gbóná. Iná sọ! Salvadori fò jáde pẹ̀lú iná lára aṣọ rẹ̀, ó yí ara rẹ̀ nílẹ̀, orí sì yọ ọ́. Ọkọ̀ jóná, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà jóná pẹ̀lú. Eré yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: Jean Behra, tó wa Ferrari ní Le Mans, ti kú sórí pápá ní Berlin ní oṣù kẹjọ.

Níbẹ̀ ni Graham Whitehead ti ṣe ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Òun fúnra rẹ̀ ní Aston Martin tó ń sá nínú ìdíje náà. Ó yọ ọkọ̀ rẹ̀ kúrò, kí wọ́n lè máa lo ibi ìtọ́jú tirẹ̀. Wọ́n gbé Moss sínú ọkọ̀ Shelby àti Fairman, òun ló sì gbà á. Porsche ṣe ìkejì, Ferrari ìkẹta. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò: Aston Martin ní 8 lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn 24. Ferrari kó 22 jọ lápapọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta tó dára jù nìkan ni wọ́n kà, ó ku 18. Porsche náà, 18.

Kí ló kàn wá?

Nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí mò ń ṣe, àwa náà máa ń bi ara wa pé báwo ni ètò yìí ṣe yára tó. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé nígbà tó bá bàjẹ́, ta ló máa yọ ọkọ̀ tirẹ̀ kúrò kí iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Àrùn ọkàn yẹn ló mú Shelby fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2012 ló kú, níbí ní Dallas, lẹ́ni ọdún 89.

Ó dìgbà o.