Ijó Alájùmọ̀jó Láàrin Àwọn Akọ Ẹyẹ Toledo: Èrè Wo Ni Ó Wà Fún Igbákejì?

Ìfáàrà

Láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ, ńṣe ni akọ máa ń bá akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ du abo. Ìwà tí ó yàtọ̀ sí èyí ni bébà yìí dá lé lórí. Ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ kàn ni Chiroxiphia linearis, tí ó ń gbé inú igbó láti gúúsù Mẹ́síkò títí dé Costa Rica. Toledo ni wọ́n ń pè é ní Costa Rica, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni igbe rẹ̀ ń dún.

Ìrísí

Abo toledo ní àwọ̀ ewé. Akọ tí ó ti dàgbà dúdú, àtàrí rẹ̀ pọ́n fòò, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ojú sánmà, ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì gùn jáde ní ìrù rẹ̀. Akọ kì í tètè ní ẹwà yìí. Àwọ̀ ewé ni òun náà ní nígbà èwe. Àtàrí ni ó kọ́kọ́ ń pọ́n, ó sì tó bí ọdún mẹ́rin kí àwọ̀ yòókù tó pé.

Ijó náà

Akọ méjì ni ó ń jó o: ọ̀gá àti igbákejì rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ jùmọ̀ ké láti pe abo. Bí abo bá dé, wọn a bà lé ẹ̀ka tàbí ìtàkùn kan nítòsí ilẹ̀. Èyí tí ó wà níwájú a fò sókè, a fi ẹ̀yìn fò lójú òfurufú, a sì bà sẹ́yìn èkejì. Èkejì a sún síwájú gba ipò rẹ̀, òun náà a sì fò. Báyìí ni wọn yóò máa yí bí àgbá kẹ̀kẹ́, tí ijó náà yóò sì máa yára sí i. Nígbà tí ó bá yá, ọ̀gá a ké igbe kan tí ó mú, igbákejì a sì kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá nìkan ni yóò wá máa fò bí labalábá níwájú abo kí ó tó gùn ún.

Èrè igbákejì

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ẹbí ni àwọn akọ méjèèjì. David McDonald àti Wayne Potts yẹ èyí wò ní Monteverde, ní Costa Rica. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994 fi hàn pé wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn. Ọjọ́ iwájú ni èrè náà wà. Ekukáká ni igbákejì fi ń rí abo gùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá kú, òun ni ó sábà máa ń jogún ibi ijó, àwọn abo tí wọ́n ti mọ ibẹ̀ a sì máa padà wá. Ọ̀gá pẹ̀lú nílò rẹ̀: àwọn méjì tí ohùn wọn bá bára mu dáadáa ni abo ń bẹ̀ wò jù.

Ìkádìí

Ipò igbákejì jọ ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ ìgbòmìnira tí a dá fún un. Ọ̀pọ̀ akọ ni ó ń kú láìdé ipò ọ̀gá. Nítorí náà, kò tọ́ kí a pe ìwà yìí ní àánú tàbí ìrẹ̀lẹ̀; ìdíje náà ni, àmọ́ ọ̀nà ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó gbà wáyé.